Ọjọ́ Tí Bàbá Ọkọ Mi Kò Dá Ilẹ̀ Rẹ̀ Mọ̀ Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ọwọ́ mi máa ń dúró lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin, Bùsáyọ̀, àti ti bàbá àgbà rẹ̀.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí. Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ títí dòní. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, ìgbà Kérésìmesì àti Àjíǹde ló máa ń wálé. Èmi, Bùsáyọ̀ àti Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi, la jọ ń gbé inú ilé.

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa á sọ fún yín pé ẹ̀rù máa ń bà mí jù lórí ọmọ. Mi ò jiyàn. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Bó bá fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò Jàpárà nínú ìlú níbí, mo gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni tó máa gbé e. Bó bá wúkọ́ láàárọ̀, mo ti dé kẹ́mísìtì kó tó di ọ̀sán. Ṣé ìyẹn wá burú ni?

Irú èmi yìí ni Bàbá wá sọ fún pé òun fẹ́ máa mú ọmọ mi lọ sínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé igbó náà kó lè yé yín. Ìdílé ọkọ mi ní igbó kan tó jìnnà díẹ̀ sí ìlú. Igbó gidi ni, kì í ṣe oko ẹ̀gẹ́. Bàbá tó bí bàbá Bàbá ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ìgbín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé gbódògì fún àwọn tó ń ta ẹ̀kọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bó èèpo igi tí wọ́n fi ń se àgbo ibà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi ńlá níbẹ̀ àfi tí gbogbo ẹbí bá jókòó lé e lórí.

Igbó yìí kò ní ìwé. Àṣà ilé wọn ni. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti yà sórí bébà ti di ọjà, pé ẹnikẹ́ni lè ká a sábẹ́ abíyá, kó gbé e lọ tà. Nítorí náà, orí èèyàn ni wọ́n ń tọ́jú ààlà rẹ̀ sí. Àgbà kan á mú ọmọ kan tó fọkàn tán, á mú un rin ààlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tún mú un rìn ín, á tún mú un rìn ín, títí ọmọ náà á fi lè máa ṣáájú. Wọn kì í sọ ọ́ nílé rárá. Tí o bá bi Bàbá ní pálọ̀ pé níbo ni ààlà wà, èsì kan náà ni wàá gbọ́: "Dìde, ká lọ wò ó."

Ohun mìíràn tún wà. Ìyàwó ilé kì í rin ààlà. Ọmọ bíbí ilé nìkan ló wà fún, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Àwa ìyàwó, etí odò Ìgbín tó wà lẹ́nu igbó la máa ń dúró sí. Mo bi Bàbá nígbà kan pé kí ló fà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará Àgọ́-Ìwòyè? Tí a bá fi hàn yín tán, ṣé ẹ ò ní gbé e lọ sílé yín?" Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Bàbá ń sọ o, èmi ló ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo yín lè kà á.

Ọkọ mi ló yẹ kó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé gbé e lọ, iṣẹ́ tún gbé e lọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti sọdá sí òkè òkun. Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, Bùsáyọ̀ ni wọ́n rí. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé girama nígbà yẹn ni.

Mo kọ̀. Mo ní ejò ńkọ́? Mo ní àwọn ajínigbé ńkọ́? Mo ní tí Bàbá fúnra wọn bá ṣubú nínú igbó, ta ló máa gbé ta? Bàbá kò bá mi jà. Wọ́n kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú àdá àti fìlà, wọ́n ń wo ojú mi. Bùsáyọ̀ náà ń bẹ̀ mí. Nígbà tó yá, mo gbà, ṣùgbọ́n mo fi àdéhùn sí i: bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, àti fèrè kan tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn, pé tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kó fun ún. Èmi náà á sì tẹ̀ lé wọn dé odò.

Nígbà tí Bàbá rí ọmọ náà nínú gbogbo ẹrù yìí, wọ́n wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Bùsáyọ̀, ṣé rẹfirí lo fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe ni?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé tí òjò kò bá rọ̀, a ó lọ. Mo máa ń gbé aṣọ tí mo fẹ́ ká etí rẹ̀ dání, màá jókòó sórí gbòǹgbò kan létí odò Ìgbín, màá máa fi abẹ́rẹ́ rán an, màá sì máa gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń wọnú igbó lọ. Bàbá á bèèrè pé, "Ibí yìí ńkọ́?" Bùsáyọ̀ á dáhùn. Ohùn wọn á máa rẹlẹ̀ títí mi ò fi ní gbọ́ mọ́. Màá dẹ etí sílẹ̀ fún fèrè. Kò fun ún rí.

Tí Bùsáyọ̀ bá dé, ẹrẹ̀ á ti dé orúnkún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dákẹ́. Á sọ fún mi nípa èèpo igi tí wọ́n ń bó ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, pé tí wọ́n bá bó o yíká, igi náà á kú. Á sọ fún mi nípa bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbín tó ti yé ẹyin, pé wọn kì í mú irú rẹ̀. Á sọ nípa àbúrò bàbá Bàbá lóbìnrin tó sọ ẹrù kalẹ̀ nídìí igi agbalùmọ̀ kan, tó bímọ síbẹ̀, tó sì gbé ọmọ náà àti ẹrù náà délé. Ṣùgbọ́n tí mo bá bèèrè pé apá ibo ni igi agbalùmọ̀ náà wà, á fọwọ́ bo ẹnu, á máa rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìyẹn kì í ṣe tiyín o."

Ọmọ tí mo bí. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí díẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Bàbá sọ fún mi létí odò lọ́jọ́ kan pé òun kò ṣáájú mọ́. Wọ́n ní, "Ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń tọ̀." Mi ò rí wọn kí wọ́n láyọ̀ báyẹn rí.

Ẹsẹ̀ Bàbá wú nígbà òjò tó tẹ̀ lé e. Odidi ìgbà òjò náà, a kò dé igbó. Mi ò lè jẹ́ kí ọmọ nìkan lọ, Bàbá náà kò sì dábàá rẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni ìdílé tí wọ́n bá wa pààlà fún kọ́ńpìnì kan ní ilẹ̀ tiwọn láti fi gbin ọ̀pẹ. Ẹ̀tọ́ wọn ni, mi ò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni kan tó ń dáko lápá ibẹ̀ wá bá wa nílé, ó ní katapílà ti kọjá síbi tiwa. Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun súnmọ́ ọn kí òun wo bó ṣe pọ̀ tó, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀.

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú. Wọ́n pe ìdílé méjèèjì, wọ́n pe kọ́ńpìnì náà. Wọ́n pinnu pé kí gbogbo wa pàdé nínú igbó, kí ẹni tó bá mọ ààlà rìn ín lójú gbogbo èèyàn, kí awọnlẹ̀ tí kọ́ńpìnì mú wá máa tẹ̀ lé e. Ibi tó bá tọ́ka sí ni wọ́n máa ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kí ni wàhálà ibẹ̀? Ẹ ṣáà mú mi débẹ̀." Wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ bùbá funfun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a pàdé níbi tí ọ̀nà títì parí sí. Olóyè tó ṣojú àwọn àgbà wà níbẹ̀. Múyìwá wà níbẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé kejì. Òun àti ọkọ mi jọ lọ sílé-ìwé ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ yìí á lè rìn ín? Àbí ká pọ̀n yín?"

Bàbá ní, "Bàbá rẹ ni mo pọ̀n nígbà tó wà ní kékeré, Múyìwá. Ó tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Ẹ ò tíì san gbèsè ìyẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Olóyè pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí a rín kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀kadà gbé wa lọ. Bí a ṣe ń lọ, mò ń retí ìgbà tí òjìji igi á bẹ̀rẹ̀ sí bò wá, nítorí ojú ọ̀nà ibẹ̀ máa ń ṣókùnkùn kí èèyàn tó dé odò. A lọ, a lọ, oòrùn kò kúrò lórí wa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà dúró.

Kò sí igbó.

Ẹ má rò pé wọ́n gé igi díẹ̀ ni. Ilẹ̀ pupa ni mo rí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ títí ibi tí ojú mi lè dé. Ọ̀pẹ kéékèèké nínú ọ̀rá dúdú tò lórí ìlà. Mo wá odò Ìgbín, mi ò rí i. Wọ́n ti fi ìtì igi àti iyẹ̀pẹ̀ dí i. Èmi tí mo ti jókòó síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí mo máa ń jókòó sí.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n wá yíjú sí ọlọ́kadà.

"Kí ló dé tí o gbé wa dúró síbí? A ò tíì débẹ̀."

Ọmọkùnrin náà ní, "A ti dé, Bàbá."

"A ò tíì dé." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá Bùsáyọ̀, bá mi sọ fún un. Ìwọ lo mọ odò."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bàbá ń wo ojú mi, wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n ní kí n má fi àwọn ṣẹ̀sín lójú àwọn èèyàn. Wọ́n ní, "Ẹ mú mi lọ sílẹ̀ wa."

Múyìwá ní, "Ṣé ẹ rí i? Bàbá ò mọ ilẹ̀ bàbá tiẹ̀." Àwọn kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Olóyè ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́.

Bùsáyọ̀ ló di Bàbá lọ́wọ́ mú ní gbogbo ìgbà yìí. Ó rọra fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú."

Ó bọ́ sórí ilẹ̀ pupa náà, awọnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Bùsáyọ̀ ń sọ ààlà náà jáde bó ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ pé rí láti ọjọ́ yìí: láti odò, kí oòrùn àárọ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, títí dé ìdí àràbà, láti ìdí àràbà, kí èèyàn yà sí ọ̀tún, dé àwọn ọ̀gán tó sún mọ́ra, láti ibi ọ̀gán, dé ibi pèrègún. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ. Mo rí i lójú Bàbá pé kò ṣi í sọ, nítorí wọ́n ń mi orí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dúró.

Awọnlẹ̀ náà kò dàgbà púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní, "Ṣé níbí ni, àbúrò?"

Bùsáyọ̀ ní, "Ìdí àràbà ni."

"Àràbà wo?"

Ó wo òkè, bí ẹni pé igi náà á ṣì wà níbẹ̀. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó tún padà. Ó ní, "Ó wà níbí." Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún ní, "Àbí níbí." Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ wa ilẹ̀, ó ń wá gbòǹgbò.

Mo sáré. Mi ò rántí pé ìyàwó kì í kọjá etí odò, nítorí kò sí odò mọ́ tí màá dúró sí. Àárín ilẹ̀ ni mo ti bá a, tí mo gbé e dìde, tí mo nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ mi, kí n tó mọ ibi tí mo wà. Mo ti wọ ibi tí wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó wọ̀. Mo wò yíká. Kò sí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi pa mọ́ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ mi kò sunkún. Ó kàn ń sọ ọ́ léraléra sí mi láyà pé, "Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo mọ̀ ọ́n."

Olóyè ṣe ohun tó lè ṣe. Ó bi Múyìwá pé àwọn tiwọn ńkọ́, níbo ni tiwọn parí sí, kó lọ tọ́ka sí i. Múyìwá wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Olóyè, bàbá mi kò fi hàn mí kí wọ́n tó kú. Wọ́n kàn máa ń sọ pé a máa lọ, a máa lọ." Kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì wo ọ̀dọ̀ Bàbá títí a fi túká.

Kò sí ẹni tó lè fi nǹkan kan han ẹnì kan. Àwòrán ilẹ̀ tí kọ́ńpìnì gbé wá ni wọ́n tẹ́ sórí ọ̀kadà, òun ni wọ́n sì tẹ̀ lé; nínú rẹ̀, ilẹ̀ tiwa ti di tiwọn. Ọ̀gá wọn tó wà níbẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí wa o. Ó fún wa ní omi inú ike. Ó tutù. Mo mu ún, nítorí òùngbẹ ń gbẹ mí, inú sì ń bí mi sí ara mi bí mo ṣe ń mu ún.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bùsáyọ̀ wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó lọ dúró níwájú Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ó rò pé ìyẹn á tù wọ́n nínú. Bàbá wo bàtà náà.

Wọ́n ní, "Bọ́ bàtà yẹn. Gbàgbé gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni mo kọ́ ọ."

Mo wà nídìí máṣíìnì mi, mo gbọ́ ọ. Bùsáyọ̀ bọ́ bàtà náà, ó wá jókòó tì mí. Ó wá bi mí pé, "Màmá, tí èèyàn bá fẹ́ gbàgbé nǹkan, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Èmi tí mo máa ń ní èsì fún ohun gbogbo. Mo ti ra oògùn ejò, mo ti so fèrè mọ́ ọn lọ́rùn, mo ti ṣépè fún ọlọ́kadà, mo sì ti gbàdúrà. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí mo ń bẹ̀rù tó fọwọ́ kan ọmọ mi. Ohun tí mi ò tilẹ̀ rò rárá ló wá ṣe é.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Ọkọ mi wálé, ó mú wa lọ rí lọ́yà. Ohun tí lọ́yà kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí la fẹ́ fi hàn ní kóòtù. Bùsáyọ̀ ní òun lè sọ gbogbo ààlà náà láìfo ohunkóhun. Lọ́yà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ọmọ náà gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé igi kan tiẹ̀ kù nínú wọn?"

Wọ́n máa ń sọ lórí rédíò pé ká dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ láti ìṣẹ̀ǹbáyé, pé ká fi ìmọ̀ àwọn bàbá wa lé ọmọ lọ́wọ́ kó má bàa parun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tiwa ṣe é. Bàbá kọ́ ọmọ, ọmọ gbọ́. Ìmọ̀ náà pé pérépéré lórí ọmọ mi títí di òní. Ilẹ̀ tí ìmọ̀ náà dúró lé ni wọ́n yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn: èèyàn kò lè tọ́jú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ẹ mú ọmọ yín lọ rin ààlà, ṣùgbọ́n ẹ pe awọnlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán igi náà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé náà mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló wà nílé. Tí àgbà bá ní bébà ló ń sọ ilẹ̀ di ọjà, ẹ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ìtàn wa fún un.

Ní báyìí, ẹ̀yin náà ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀ ibí, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ará Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ogun Waterside tí odò àti igbó jẹ́ tiyín. Ta ló mọ ààlà nílé yín? Ṣé ẹni náà ṣì lè rìn? Ìgbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn? Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi. Ó ṣì ń dúró de èsì.